Ṣé Mo Kí Wọn Dáadáa?

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1850, wọ́n mú ọmọbìnrin kan tó tó bí ọmọ ọdún méje lọ kí Ọbabìnrin Victoria ní ààfin Windsor. Ọmọ ilẹ̀ Yewa ni. Ogun Dàhómì ló kó o ní 1848, òun náà ló sì pa àwọn òbí rẹ̀. Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbà á lọ́wọ́ Ọba Gezo. Gezo fi í ta Ọbabìnrin lọ́rẹ bí ẹni fi ẹyẹlé tọrẹ. Wọ́n sọ ọ́ ní Sarah, wọ́n fi Forbes kún un, wọ́n sì fi Bonetta, orúkọ ọkọ̀ tó gbé e, parí rẹ̀. Ọbabìnrin gbà láti máa sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó kọ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ nípa irun ọmọ náà àti yẹtí ńlá tó wà létí rẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí òǹkọ̀wé yìí gbádùn nínú ìtàn náà kò ju bíńtín lọ: kí ni ọmọ náà bi Forbes nígbà tí wọ́n ń padà sílé?

Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ pọ̀ lónìí. Ní 1952, Everett Swanson dá ẹgbẹ́ Compassion sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ aláìlóbìí Kòríà, àwọn ará òkè òkun sì ń tipasẹ̀ rẹ̀ sanwó oṣooṣù lórí ọmọ tí wọn ò rí rí. Wọ́n ń ṣe é dé Tógò nítòsí wa níbí. Àwọn mìíràn a máa wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wo ọmọ náà lójúkojú. Òǹkọ̀wé yìí ti múra láti kọ̀wé lórí owó, lórí ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní. Ibẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òmù-Àrán ti yí èrò rẹ̀ padà.

Ìyá àgbà òǹkọ̀wé yìí níbẹ̀ ló ń tọ́ ọmọ ẹbí kan tí wọ́n mú wá láti Ẹ̀sìẹ́. Bàbá kan ní Ìlọrin ló ń san owó ilé-ìwé ọmọ náà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, bàbá náà wá. Láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé ni wọ́n ti di irun ọmọ náà ní ṣùkú, wọ́n wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi fún un, wọ́n sì kọ́ ọ bí yóò ṣe kúnlẹ̀ tí kò ní tètè dìde. Bàbá béèrè ipò tó mú. Wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n fún un ní bisikíìtì. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ṣí, ọmọ náà yíjú sí ìyá àgbà:

“Ìyá, ṣé mo kí wọn dáadáa?”

Bisikíìtì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì já a. Ìyá àgbà fi oríkì pè é, wọ́n tú bọ́tìnnì ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ bọ́ ọ sílẹ̀ kó wá jẹ iyán.

Ìdánwò ni ọmọ yẹn ṣe lọ́jọ́ náà. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń sanwó bẹ́ẹ̀, onígbọ̀wọ́: ẹni tó dúró fún ẹlòmíràn, tó jẹ́ pé bí nǹkan bá yíwọ́, òun ni wọn yóò mú. Nínú àgbàlá yẹn, ọmọ tí wọ́n dúró fún ni àyà ń já.

Àìná, ọmọ tí wọ́n sọ ní Sarah, náà rí ìyá àgbà tirẹ̀. Wọ́n rán an lọ sí ilé-ìwé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní Freetown ní 1851, wọ́n dá a padà ní 1855, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ìdílé Schön ní Gillingham. Ààfin ló ń sanwó, ṣùgbọ́n ìyàwó Schön ló ń pè ní Màmá. Nígbà tí James Davies, oníṣòwò tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, fẹ́ fi í ṣaya, tí àwọn àgbà sì ń rọ̀ ọ́ pé kó gbà, Màmá ló kọ lẹ́tà sí. Ó ní àwọn èèyàn ń sọ pé ọkùnrin náà lówó, pé yóò lè dá dúró bó bá fẹ́ ẹ. Ṣé kí òun wá ta ìfọ̀kànbalẹ̀ òun nítorí owó ni? Ó ní láéláé.

Lẹ́yìn gbogbo ọdún tó ti fi ń kúnlẹ̀ kí àwọn tó ń ṣoore fún un, ẹnu rẹ̀ gan-an ni “láéláé” yìí ti jáde. Òǹkọ̀wé yìí ka lẹ́tà náà títí, ó sì ń dùn ún pé àwọn àgbà ló borí. Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ìjọ St Nicholas, Brighton, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1862. Nínú ìwé ìgbéyàwó, “Ina” ló ṣíwájú Sarah. Àìná ni à ń pe ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Àmútọ̀runwá ni, Gezo kọ́ ló fi ta á lọ́rẹ, ọkọ̀ kankan kò sì gbé e wá.

Ó sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Victoria, Ọbabìnrin sì di ìyá ìrìbọmi rẹ̀. Ní 1867, Àìná mú un lọ sí Windsor. Ọbabìnrin tún kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀, ó ní ojú ọmọ náà tóbi, ìbànújẹ́ sì wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Bó bá bi ìyá rẹ̀ ní ohunkóhun nígbà tí wọ́n ń padà, ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú ti mọ ìbéèrè náà láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn.