Alágbàtà Ìpín Ìdókòwò àti Owó Oníṣòwò ní Èkó

Iṣẹ́ alágbàtà ìpín ìdókòwò, ìyẹn ẹni tó gba ìwé àṣẹ láti máa bá ẹlòmíràn ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí kí ó bá a tà á, kò tí ì pẹ́ púpọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí ọdún 1960 ni wọ́n dá ọjà ìpín sílẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an ní ọdún 1961. Òfin ọdún 1972 àti ti 1977, tó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ta lára ohun ìní wọn fún ọmọ Nàìjíríà, ló sọ ìpín di ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò ń rà.

Nígbà tí òǹkọ̀wé yìí wọ iṣẹ́ náà, ohùn ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é: àwọn alágbàtà a jókòó nínú gbọ̀ngàn, òṣìṣẹ́ ọjà a ka orúkọ ilé-iṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó fẹ́ rà tàbí tó fẹ́ tà a sì pe iye tirẹ̀ sókè kí wọ́n tó kọ ọ́ sára pátákó. Ẹni tó bá fẹ́ ta ìpín ní láti kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n fi ìbuwọ́lùwé rẹ̀ wé ti àtijọ́, ìyà èyí sì jẹ obìnrin tó ra ìpín kí ó tó lọ́kọ ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí orúkọ àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ti yí padà. Ní ọdún 1997 ni àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ìwé; ní 1999, kọ̀ǹpútà gba ipò ohùn.

Àwọn oníṣòwò Balógun ní Èkó, tí ọjà wọn kò jìnnà sí gbọ̀ngàn yìí, mọ owó í ṣọ́, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn kì í yẹ ilé-iṣẹ́ wò kí wọ́n tó ra ìpín rẹ̀ bí wọ́n ti ń yẹ oníbàárà tó fẹ́ ràwìn wò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé ìṣirò owó ọdọọdún ń sọ gbèsè tó wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́, ó sì ń sọ bóyá owó gidi wọlé tàbí orí ìwé nìkan ni èrè wà.

Lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ kéde ní ọdún 2004 pé owó ìpìlẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà kí ó di bílíọ̀nù 25, ìpín tí àwọn báńkì ń tà láti kó owó yìí jọ kún ọjà, iye rẹ̀ ń gòkè, àwọn báńkì sì ń yá ènìyàn lówó láti fi ra ìpín, pẹ̀lú ìpín yẹn gan-an gẹ́gẹ́ bí ohun ìdúró. Ẹni tó ní mílíọ̀nù kan náírà, tí wọ́n yá ní mílíọ̀nù 2 kún un, lè ra 100,000 ìpín ní náírà 30. Bí iye náà bá wálẹ̀ sí náírà 20, gbogbo ohun tó ní kò ju gbèsè tó jẹ lọ, èlé kò sì tí ì wọ̀ ọ́. Àwọn oníṣòwò mìíràn da ojú owó ọjà wọn pàápàá sí i. Alágbàtà tó bá ní kí wọ́n rọra, ọ̀tá ìlọsíwájú ni wọ́n ń pè é.

Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òǹkà ọjà náà, tó ń fi bí àpapọ̀ iye ìpín ṣe ń lọ hàn, kọjá 66,000. Nígbà tí ọdún kan fi yípo, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000, kò sì tún dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ títí di ọdún 2023. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò sì kógbá wọlé, lè dúró dè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí náírà ń rà ti dín kù jọjọ. Ẹni tó yáwó rà kò rójú dúró, báńkì ti bá a tà á tipẹ́.