Láti Ẹnu Òkun dé Ẹ̀pẹ́: Lójú Ọ̀nà Ogun Àgìdìǹgbì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ogun ojú omi ṣe wọ Èkó ní ìparí ọdún 1851, kó má bẹ̀rẹ̀ láti ààfin. Ẹnu òkun ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó gbé mi dé èbúté Five Cowries láàárọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn. Mo de jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn mọ́ àyà, mo sì bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wakọ̀ pé kó kọ́kọ́ gbé mi dé Tarkwa Bay, kó tó dorí ọkọ̀ kọ Ìṣàlẹ̀ Èkó.

Ní Tarkwa Bay, èèyàn lè dúró wo ògiri òkúta tó gùn wọ inú òkun lọ. Ìgbì ń lu òkúta náà, omi ń ta sókè, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà ọkọ̀, omi rọlẹ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá sì ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí wọ́n tó kó òkúta yẹn sómi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iyanrìn ló gbé ẹnu ọ̀sà dí lábẹ́ omi, ìgbì sì ń fọ́ lé e lórí tọ̀sán-tòru. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ bá jìn kò gbọdọ̀ dán an wò. Ọkọ̀ kéékèèké ló ń ru ẹrù àti èrò kọjá, bí ìgbì bá sì dà wọ́n, ẹja apanijẹ ń dúró dè wọ́n nísàlẹ̀. Iyanrìn yẹn ni odi àkọ́kọ́ tí Èkó ní.

Penelope àti Sampson, àwọn ọkọ̀ ogun ńlá tí Commodore Henry William Bruce kó wá, ìta òkun ni wọ́n dá ìdákọ̀ró sí. Ọkọ̀ eléèéfín kékeré méjì, Bloodhound àti Teazer, ló rí ọ̀nà gbà wọlé, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí àwọn èèyàn ń fi àjẹ̀ wà. Ìjọba tó ní ọkọ̀ ogun jùlọ láyé nígbà náà, tí ó sì wá fẹ́ ja ìlú kan, àwọn ọkọ̀ tó kéré jù ló rí lò.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1845, Kòsọ́kọ́ ọmọ Ọ̀ṣìnlókun ṣẹ́gun Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, nínú ogun tí wọ́n ń pè ní Ogun Olómirò, ó sì gorí oyè. Akítóyè sá lọ, ó padà fìdí kalẹ̀ sí Àgbádárìgì, níbi tó ti ń bá àwọn míṣọ́nnárì ṣọ̀rẹ́, tó sì ń ṣèlérí pé bí òyìnbó bá lè dá òun padà sórí oyè, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. John Beecroft, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì tó fi Fernando Po ṣe ibùjókòó, wá bá Kòsọ́kọ́ lóṣù Kọkànlá ọdún 1851 pé kó fọwọ́ sí àdéhùn. Èsì tí wọ́n fún un ni pé abẹ́ Ọba Ìbíní ni Èkó wà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí kọ́ńsù kọ́kọ́ gbọ̀rọ̀ lọ.

Kòsọ́kọ́ ta ẹrú. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé òyìnbó ló bá a jà. Ṣùgbọ́n epo pupa àti ọ̀nà ọjà tó lọ sí ilẹ̀ Yorùbá wà nínú ọ̀ràn náà, ó sì wà níbẹ̀ gbọnyingbọnyin. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Ade Ajayi ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lọ́dún 1961, èmi náà sì gbà pé ẹni tó bá ń sọ pé àánú ẹrú nìkan ló gbé ọkọ̀ ogun wọ ọ̀sà Èkó, kò tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ wa kọjú sí ìlú, Apápá wà lápá òsì pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ gìrìwò tó ń gbé kọ̀ǹtéénà, Marina wà lápá ọ̀tún. Mo ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ̀gbọ́n, ibí gan-an lẹ fẹ́ wò?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ojú omi, kò rí nǹkan kan.

Ibẹ̀ gan-an ni. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, Bloodhound wọ́ àwọn ọkọ̀ àjẹ̀ tẹ̀lé ara rẹ̀ gba ojú omi yìí, ó ta àsíá funfun sókè. Àwọn ará Èkó kò ka àsíá náà sí àsíá àlàáfíà, nítorí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbé ìbọn dání. Wọ́n yìnbọn. Bíi 300 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi náà. Àwọn kan nínú wọn gòkè, wọ́n dáná sun ilé díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà àárín ilé há, ìbọn sì ń dún láti ẹ̀yìn ògiri gbogbo. Méjì nínú wọn kú, àwọn mìíràn fara gbọgbẹ́, ni wọ́n bá padà sínú ọkọ̀. Èkó lé wọn.

Ibi tó wù mí jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí ni oṣù kan tó tẹ̀ lé e. Kòsọ́kọ́ mọ̀ pé wọ́n ń padà bọ̀. Balógun rẹ̀, Òṣòdì Tápà, ọmọ Nupe tí wọ́n mú wá sí Èkó ní kékeré gẹ́gẹ́ bí ẹrú, tó sì fi ọgbọ́n àti akin di àgbà ìjòyè, ló di agbára mú. Wọ́n gbẹ́ yàrà sẹ́yìn etí omi. Wọ́n fi ìtì igi àgbọn ṣe odi síwájú yàrà, wọ́n gbé àgbá sáàárín rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹnu òpó igi ṣóńṣó, wọ́n rì wọ́n mọ́ inú omi, kí ọkọ̀ àjẹ̀ má baà rí etí ilẹ̀ sún mọ́. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Iṣẹ́ ẹni tó mọ omi rẹ̀ ni, tó mọ ibi tó jìn àti ibi tí kò jìn, tó sì mọ̀ pé ọkọ̀ àlejò kò mọ̀ ọ́n.

Òpó kan kò sí níbẹ̀ mọ́. Etí omi àtijọ́ kọ́ ni èyí tí mo ń wò pàápàá: wọ́n ti da iyanrìn síwájú Marina, títì Outer Marina sì gba orí rẹ̀ kọjá. Dánfó ń sáré lórí ibi tó jẹ́ omi nígbà náà.

Àwọn tó ń bọ̀ wá jà ńkọ́? Kì í ṣe òyìnbó nìkan. Àwọn ọmọ Kru láti etíkun Làìbéríà wà nínú gbogbo ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣọ́ etíkun yìí. Àwọn ni wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń la ìgbì kọjá, àwọn ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí oòrùn àti ibà kì í jẹ́ kí òyìnbó lè ṣe pẹ́. Nínú ìwé ọkọ̀, àwọn ọ̀gá kì í kọ orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n. "Bottle of Beer" ni wọ́n ń kọ fún òmíràn, "Sea Breeze" fún ẹlòmíràn. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ó sì ń dùn mí títí di báyìí. Ọkùnrin kan yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu nínú ogun tí kì í ṣe tirẹ̀, orúkọ ẹ̀fẹ̀ ni yóò sì gbé dé ibojì. Àwọn ọmọ ogun Akítóyè náà bọ̀ láti Àgbádárìgì, wọ́n so aṣọ funfun mọ́ ọrùn kí ìbọn ọ̀rẹ́ má baà pa wọ́n.

Kérésìmesì bá wọn lórí omi. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, 26 oṣù Kejìlá, Captain Lewis Tobias Jones ti ọkọ̀ Sampson darí ìjà. Iyanrìn tún ṣiṣẹ́ rẹ̀: Bloodhound fàyà sọlẹ̀, Teazer náà fàyà sọlẹ̀ níbòmíràn, wọn ò sì lè ran ara wọn lọ́wọ́. Teazer ló wà nínú ewu jù, nítorí àgbá Èkó kan wà tó dojú kọ ọ́ tààràtà. Wọ́n ní kí Commander Henry Lyster kó àwọn èèyàn gòkè lọ pa ẹnu àgbá náà mọ́. Wọ́n gòkè lóòótọ́, wọ́n la odi já, wọ́n kan ìṣó dí ihò àwọn àgbá. Nígbà tí wọ́n padà dé etí omi ni wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ ti yí gba ibòmíràn, wọ́n ti gba ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ àjẹ̀ wọn. Gbogbo wọn bá ń du ìwọ̀nba ọkọ̀ tó kù, ìbọn sì ń rọ̀ lé wọn lórí láti ibi tí kò jìnnà. Lyster gbọgbẹ́. Lieutenant Corbett dúró ń gé ṣéènì ìdákọ̀ró kí ọkọ̀ tirẹ̀ lè kúrò níbẹ̀, ọta bà á léraléra.

Ká ní ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n jà, bóyá ìtàn ìbá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n omi kún, Teazer sì léfòó. Ní ọjọ́ 27, ọkọ̀ méjèèjì pàdé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju rọ́kẹ́ẹ̀tì oníná sórí ìlú tí ewéko bo òrùlé rẹ̀. Ilé ẹ̀tù gbiná, ó bú gbàmù, afẹ́fẹ́ sì gbé iná láti agbo ilé dé agbo ilé. Ọmọ Èkó ń pe ìjà yìí ní Ogun Àgìdìǹgbì, wọ́n sì tún ń pè é ní Ogun Ahóyaya. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ kejì. Òyìnbó sinmi ìjà, Kòsọ́kọ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n sì gba ojú ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nínú àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, kò tó 20 tó kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́ lé ní 70. Wọ́n ka òkú tiwọn sínú ìwé. Ti àwọn ará Èkó, kò sẹ́ni tó kà á sílẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Èbúté Èrò, mo fẹsẹ̀ rìn gba Ìṣàlẹ̀ Èkó dé iwájú Ìgá Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó. Àwọn obìnrin ń ta ata àti ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń fọn fèrè. Láti ibẹ̀, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ibi tí Òṣòdì Tápà àti àwọn tirẹ̀ tẹ̀dó sí nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà kí Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó lọ́dún 1862. Bàbá kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n jókòó ná, wọ́n pe ọmọ kan pé kó ra omi wá. Àwọn agbo ilé ibẹ̀ ṣì há mọ́ra wọn, ẹnu ọ̀nà kan máa ń gbà wọ inú ọgbà tí ilé púpọ̀ yí ká. Orúkọ Òṣòdì wà lára títì. Kò sí ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó gbẹ́ yàrà sí, èmi ìbá sì fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́, ó kéré tán sára ògiri kan létí Marina.

Mo tún gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ló yọ̀ǹda ibẹ̀ fún Kòsọ́kọ́, láti ibẹ̀ ló sì ti ń bá òwò lọ, tó sì ń dààmú Èkó, títí tí kọ́ńsù Benjamin Campbell fi wá bá a ṣàdéhùn lọ́dún 1854. Ìlú náà ṣì pín sí Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́ dòní. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ padà lọ, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá a wá ló bá a padà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́lé, wọ́n ti fẹ́yàwó, wọ́n ti sin òkú síbẹ̀. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Iléyá, Èkó Ẹ̀pẹ́ máa ń ṣe Káyókáyò láti rántí ọjọ́ tí ọkọ̀ àwọn baba wọn gúnlẹ̀ létí ọ̀sà lọ́dún 1851. Wọ́n máa ń pa màlúù, wọ́n máa ń wọ aṣọ ẹbí, àlejò tó bá sì wọ ìlú lọ́jọ́ náà yóò jẹun yó kó tó lọ.