Màámi, Ẹ Má Da Oògùn Sómi Ẹja Yẹn

Peckham, London
Ọjọ́ 9, Oṣù Kẹta, 2025

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo rí fọ́tò tí Kúnlé tó wà lọ́dọ̀ yín fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Omi táńkì ẹja ẹ̀yìnkùlé ti wá rí bí omi ewédú. Ó ní ẹnì kan ní Ìkòsí ń gbà yín níyànjú pé kí ẹ da ẹ̀tù búlúù sí i, pé kílẹ̀ tó ṣú omi á ti mọ́ gaara. Màámi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dà á. Bàbà ló wà nínú ẹ̀tù yẹn, ìwọ̀n tó ń pa ọbẹ̀dò tó sọ omi yín dà bẹ́ẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìwọ̀n tó ń pa ẹja.

Ohun tójú mi rí ni mo ń sọ. Ẹ rántí àpótí gíláàsì tí mo ń sin ẹja òkun sí ní pálọ̀, tí ẹ máa ń bi mí lórí fídíò pé òdòdó wo ló ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ nínú omi yẹn? Ẹ̀dá abẹ̀mí ni wọ́n, ìbátan èyí tó ń kọ́ iyùn tí ẹ fi sọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, àánú ẹja ń ṣe mí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń fún wọn lóúnjẹ lójúmọ́. Kò pẹ́, ọbẹ̀dò hù bí irun, ó bo òkúta, ó bo àwọn ẹ̀dá náà. Mo ra oògùn lọ́wọ́ ẹnì kan, mo dà á sí i nírọ̀lẹ́. Ọbẹ̀dò kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó ti kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń jẹrà, ìjẹrà yẹn sì fa atẹ́gùn inú omi gbẹ. Nígbà tí mo jí ní ìdájí, ẹja méje ti léfòó, ẹnu wọn là sílẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọbẹ̀dò ni mo ti ń bọ́. Oúnjẹ tí ẹja ò jẹ tán àti ìgbẹ́ rẹ̀, ajílẹ̀ ni wọ́n nínú omi, bí ìgbẹ́ adìyẹ ṣe jẹ́ fún ẹ̀fọ́. Kí oòrùn ṣáà ti bá a níbẹ̀. Ohun kan náà ló ń bọ́ ewéko tó ń dí ọ̀nà mọ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi lápá Agboyi. Láti 1984 tó ti gba Badagry wọlé ló ti ń sanra lórí ìdọ̀tí tí ìlú ń dà sínú ọ̀sà.

Nítorí náà, ọwọ́ tí ẹ fi ń bọ́ ẹja ni ká kọ́kọ́ wò. Kúnlé ní ẹ máa ń da abọ́ méjì sí i láàárọ̀, ẹ ó sì wọlé lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró tì í. Ẹ fọwọ́ wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo bí àrọ̀ ṣe ń já a gbà mọ́ra wọn lẹ́nu. Tí omi bá ti ń rọlẹ̀, tí hóró oúnjẹ ń léfòó láìsí ẹja tó bá a ṣe, ó ti tó. Ẹ fi asẹ́ kó èyí tó kù. Bí gbogbo ẹja inú táńkì bá tó 100 kílò, oúnjẹ kílò 3 tó wọn lójúmọ́, ẹ pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Bí oúnjẹ ẹja ṣe wọ́n tó, kì í ṣe ohun tí à ń dà sómi.

Kí Kúnlé wá ṣí páìpù ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ dúdú ń sùn sí. Kó jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́ta jáde, kó fi omi borehole dí i, kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Bó bá pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ara ẹja lè má gbà á. Omi tó bá jáde, ẹ darí rẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó má ṣàn lọ síwájú ilé onílé. Kí ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ìlàjì ojú táńkì nítorí oòrùn ọ̀sán.

Ẹ máa yọjú sí wọn ní ìdájí. Lọ́sàn-án, ọbẹ̀dò ń fún omi ní atẹ́gùn. Lóru, òun náà ń bá ẹja mí in. Àrọ̀ lè gòkè wá gba atẹ́gùn lójú omi kó sì padà, ṣùgbọ́n ẹpìyà tí ẹ kó mọ́ wọn kò lè ṣe é. Bí ẹ bá bá gbogbo wọn tí wọ́n gbé ẹnu lé ojú omi, tí wọn ò padà sísàlẹ̀, ẹ má fún wọn lóúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, omi tuntun ni kí ẹ ṣí sí i.

Ọbẹ̀dò ò ní tán pátápátá o, díẹ̀ kì í sì í pa ẹja lára. Ẹ ti apá yín bọ omi, kí ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí ọwọ́ bá ti pòórá kí omi tó kan ìgúnpá, ó ṣì pọ̀ jù. Màá pè lọ́jọ́ Sátidé. Kí Kúnlé gbé fóònù lọ sétí táńkì, kí ẹ ti apá bọ̀ ọ́ lójú mi, kí n rí ibi tí omi dé.

Èmi ni ọmọ yín,
Títílayọ̀