Ìpínyà ní Agbarha-Otor

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ bí àwọn ọmọ náà yóò ti ṣe ní ọjọ́ tí eré bá parí, ẹni tí yóò kọ́kọ́ dìde, àti ohun tí yóò wí fún ẹni tí ó kù. Ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí kò tíì kúrò lọ́kàn wa láti ìgbà tí a ti padà sí ilé wa ní Àgọ́ Palace, ní apá Ìsọlọ̀.

Àpéjọ àwọn oníṣẹ́ ọnà tí a ń pè ní Harmattan Workshop ni a lọ, ní Agbarha-Otor lẹ́bàá Ughelli, ní Ìpínlẹ̀ Delta. Bruce Onobrakpeya, ọmọ ìlú náà tí a bí ní 1932, ni ó dá a sílẹ̀ ní 1998. Òun kì í ṣe àjèjì sí àwa ará Èkó. Ó ṣe olùkọ́ ní St. Gregory's College; Múṣin tí kò jìnnà sí Òṣòdì ni ó fi ṣe ibùjókòó iṣẹ́ rẹ̀; òun ni ó sì ya Ọ̀nà Àgbélébùú fún ìjọ Kátólíìkì St. Paul's ní Èbúté-Mẹ́ta ní àwọn ọdún 1960, tí ó gbé ìtàn náà kalẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ wa ni ó ti ṣẹlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti wà ní irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní Ifẹ̀, àti ní Haystack ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1975, kí ó tó fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn jẹ nínú oúnjẹ náà.

Níbẹ̀ àwọn kan ń gbẹ́ òkúta, àwọn kan ń rọ irin, àwọn kan ń kun àwòrán. Ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀ àwòrán ni a wà ní tiwa. Kí ẹni tí kò rí i rí lè mọ̀ ọ́n: a ó fín àwòrán sí ara páànù pẹlẹbẹ, a ó fi tàdáwà kùn ún títí yóò fi wọ inú ojú fífín náà, a ó sì fi àkísà nu òkè rẹ̀ mọ́. Bébà tí a ti rẹ sínú omi ni a ó tẹ́ lé e, a ó fi kúbùsù bò ó, a ó sì yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ kí ó lè gba abẹ́ irin ńlá kọjá. Wàyí o, ẹni tí ó kun páànù, ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú. Bí ó bá fi kan bébà funfun, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ẹnìkejì tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni yóò gbé bébà sílẹ̀, òun náà ni yóò sì ká a kúrò. (Ọ̀pọ̀ ilé ni ìbá tòrò bí tọkọtaya bá tètè mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.)

Bàbá kan láti Ìpínlẹ̀ Benue, tísà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ọwọ́ mímọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò gbọ́ Yorùbá, a kò gbọ́ Tiv, Gẹ̀ẹ́sì ni ó so wá pọ̀. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ karùn-ún, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ mọ́: bí a bá ti ju àkísà sílẹ̀, bàbá ti di bébà mú ní igun méjì. Bí ọ̀sán bá pọ́n a ó pààrọ̀, tirẹ̀ a dúdú, tiwa a mọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń yí, ó máa ń kọ orin ìjọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwa a sì fi èdè wa gbè é, nítorí ohùn orin kan náà ni.

Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, a ti fọ ẹ̀rọ, a sì ti tú àwọn iṣẹ́ tí a gbé kọ́ sára ògiri fún àlejò. Ògiri náà wá dà bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò nínú rẹ̀. Bàbá bi wá ní ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń wí bí wọ́n bá ń pínyà. A ní, "Ó dàbọ̀," a sì túmọ̀ rẹ̀ fún un, pé ó di ìgbà tí a bá padà bọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ojú òun ń ṣú, dókítà sì ti sọ bí yóò ti rí. Òun kò ní í wá síbí mọ́. "Ẹni tí kò ní í bọ̀ ńkọ́? Kí ni ẹ ń wí fún un?"

A mọ ohun tí a ń wí. Ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá. Ṣùgbọ́n etí ibojì ni a ti ń wí i, báwo ni a ó ti wí i fún ẹni tí ó dúró lójú wa, tí ó gbé àpò kọ́ èjìká? "Ó dàbọ̀" pẹ̀lú ti di irọ́ lẹ́nu wa. A rántí àwọn àgbà Éfésù tí wọ́n sin Pọ́ọ̀lù dé ìdí ọkọ̀, nínú Ìṣe Àwọn Aposteli orí 20: ohun tí ó dùn wọ́n jù ni pé ó sọ fún wọn gbangba pé wọn kì yóò rí ojú òun mọ́. Pọ́ọ̀lù kò tàn wọ́n, àwọn náà kò sì díbọ́n pé àwọn kò gbọ́, wọ́n sọkún. Ní tiwa, a wí pé, "Bàbá, ó dìgbà." Ìgbà wo ni, a kò sọ, òun náà kò sì bèèrè. Ó wí i tẹ̀ lé wa lẹ́ẹ̀mejì, kí ohùn rẹ̀ lè bọ́ sí i.

Nígbà tí a dé Àgọ́ Palace, ìbéèrè àwọn aládùúgbò ni pé kí ni a mú bọ̀, èló ni wọ́n sì san fún wa. A kò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a máa jẹ́ kí ẹni tí ó ti ìpínyà dé jókòó ná, kí ó mumi, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ẹni tí ó ti ìsìnkú dé.

A kò ní ẹ̀rọ nílé. Ẹ̀yìn ṣíbí onígi ni a fi ń ra bébà mọ́ ara rọ́bà tí a fín, lórí tábìlì oúnjẹ, nígbà tí wọ́n bá ti kó àwo kúrò. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, bàbá pè wá lórí tẹlifóònù. Kò tíì bèèrè àlàáfíà tí ó fi bèèrè ẹni tí ń bá wa di bébà mú. A ní ọmọ wa obìnrin ni, ẹni ọdún mọ́kànlá. Ó ní kí a kìlọ̀ fún un kí ó má ṣe kánjú ká a. Igun kan ni kí ó kọ́kọ́ gbé sókè, kí ó yọjú wò ó.