Wáyà Iná Tí Ń Gbé Ọ̀rọ̀

Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń tẹ nọ́ńbà iná, èyí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri pálọ̀ wa ní Ajílósùn, Adó-Èkìtì, kò ní síìmù bí fóònù. Síbẹ̀, ó ń bá mítà tí ó wà lókè òpó lójú títì sọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ kan wà tí ń gba inú afẹ́fẹ́. Tiwa ń gba inú wáyà iná gan-an.

Iná ń mì lọ mì bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn tí ẹ̀rọ náà ń gbé lé e lórí ń mì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín àkókò kan náà. Mítà yóò wá sẹ́ ohùn yìí jáde, bí a ti ń fi asẹ́ ya ògì kúrò lára èèrí.

Ní ìlú Manassas, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi irú ọ̀nà yìí gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé àwọn aráàlú, ṣùgbọ́n wọ́n pa á tì ní ọdún 2010. Ẹrù ńlá nìyẹn. Nọ́ńbà 20 tí a fi ń ra iná kò ju ẹrù ọmọdé lọ.

Ohun tí ó ká mi lára ni pé ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé èyí fún àwọn àgbà wa. Ìyá kan ní àdúgbò wa, ọmọ rẹ̀ ra iná ránṣẹ́ sí i láti Èkó. Màmá tẹ nọ́ńbà títí ó fi rẹ̀ wọ́n, ẹ̀rọ kò fèsì. Wọ́n ní wọ́n ti lu ọmọ àwọn ní jìbìtì. Jìbìtì kọ́ o! Iná ni kò sí, mítà orí òpó sì ti sùn, nítorí iná ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá tan jẹnẹrétọ̀, tí ó sì yí iná ilé sí i, ó ti gé wáyà ilé kúrò lára ti òpó nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kò ní ibi tí yóò gbà. Ṣájà olówó pọ́ọ́kú náà a máa pariwo sínú wáyà, débi pé mítà lè má gbọ́ nǹkan kan.

Ní ọdún 2024, ọ̀ràn náà tún le sí i. Láti ọdún 1993 ni irú mítà wọ̀nyí ti ń ka ìṣẹ́jú, àyè ìkàsí wọn sì kún ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún náà. Ìdí nìyẹn tí onílé kọ̀ọ̀kan fi ní láti tẹ ọ̀wọ́ nọ́ńbà 20 méjì kí ó tó lè tẹ èyí tí ó rà. Ọgọ́ta nọ́ńbà, fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì!

Wọ́n fún wa ní bébà kan lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mítà náà kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè délẹ̀. Kí ni ì bá ná wọn láti kọ ìlà kan ní Yorùbá: ẹ dúró kí iná dé, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà?

Aago méjì òru ni iná dé. Màmá tẹ nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wọlé.