Ìbọn Tí Àbúrò Mi Fẹ́ Rà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àbúrò mi kan ṣoṣo tí ó kù láyé wá kí mi ní Ìlúpéjú láti ìlú Houston ní Amẹ́ríkà. Ó ti lé ní 40 ọdún tí ó ti ń gbé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́ tí ó fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti bí ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo fún un, ọkùnrin, ọmọ ọdún 3. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta tí ó dé, nígbà tí a jẹun tán, tí ọyẹ́ sì ń gbé eruku Coker Road wọ inú yàrá wá bá wa, ó sún àga rẹ̀ sí ọwọ́ òsì mi, kí etí rẹ̀ ọ̀tún, tí ó jẹ́ èyí tí ó ń gbọ́ràn, lè wà lọ́dọ̀ mi. Báyìí ni ó ti máa ń jókòó ti ènìyàn láti kékeré. Ó wá na fóònù rẹ̀ sí mi.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yan ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí.”

Mo rò pé ọkọ̀ ni, tàbí aago. Ìbọn ni. Ìbọn ìléwọ́ mẹ́rin, irú èyí tí àwọn ará ìgboro ń pè ní ìbọn pélébé, ni wọ́n tò léra lójú fóònù náà bí ẹja yíyan. Kì í sì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń wọ ìsọ̀ lọ rà kí ó sì gbé e jáde lójú ẹsẹ̀. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú wọn ju 3,000 dọ́là lọ, ẹni tí ó bá sì san owó lónìí lè dúró fún oṣù púpọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ ìbọn. Mo bi í léèrè pé kí ni wọ́n fi ṣe é tí ó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní, “Ọwọ́ ni.”

Ó ṣàlàyé fún mi pé ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ John Moses Browning ni ó ronú kan irú ìbọn yìí, àti pé àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà gbà á wọlé ní ọdún 1911. Òun ni wọ́n ń lò títí di ọdún 1985 kí wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe é lónìí pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà láàrin wọn tí wọn kò fi gbogbo iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Méjì nínú wọn, Wilson Combat àti Nighthawk Custom, wà ní Berryville, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Ní Nighthawk, alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo ni í to ìbọn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ni í rẹ́ irin mọ́ irin títí tí wọn yóò fi yọ̀ lára wọn bí ẹni pé inú kan náà ni ó bí wọn. Àwòṣe ìbọn náà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà ni yóò sọ bí ọ̀pá rẹ̀ yóò ti gùn tó, bóyá ìǹṣì 5 tàbí ìǹṣì 4 àti ìdá mẹ́rin. Irú ọta tí yóò máa jẹ. Bí ibi tí a fi ń wo ojú àmì yóò ti rí. Àti irú igi tí wọn yóò fi ṣe èèkù rẹ̀.

Èmi tí mo fi ọdún 34 ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Industrial Avenue kò lè fi ojú òpè wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi fẹ àwòrán ọ̀kan lójú fóònù kí n lè rí iwájú èèkù rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fín irin ní ìlà wínníwínní kí ó má baà yọ̀ lọ́wọ́. Ìlà 25 ni ó wà nínú ìǹṣì kan. Ẹ̀rín pa mí. Ìlà inú ìǹṣì ni àwa náà fi ń díwọ̀n àwòrán nílé iṣẹ́: ìlà 65 fún bébà ìwé ìròyìn, 133 tàbí 150 fún bébà dídán. Ẹni tí ó bá ti fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ abẹ́ rọ́bà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rí, tí ó sì ti rí bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìǹṣì ti í sọ lẹ́tà tó mọ́ di àbàwọ́n, yóò mọ ohun tí alágbẹ̀dẹ Arkansas yẹn ń wá nígbà tí ó bá ń rẹ́ irin tí ó tún ń gbé e wò lójú iná. Kí n má purọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwọn ìbọn náà wù mí.

Ohun tí ó mú yíyàn náà le ni pé iṣẹ́ méjì ni ó fẹ́ fi rán ìbọn kan. Ó fẹ́ máa gbé e káàkiri lábẹ́ aṣọ. Ó sì tún fẹ́ máa fi dánra wò lọ́jọ́ Sátidé ní pápá ìyìnbọn tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lọ. Èyí tí a ó máa gbé káàkiri gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kí ó sì kúrú, kí ó má baà máa gún ènìyàn ní ìbàdí nígbà tí ó bá jókòó sínú ọkọ̀. Èyí tí a ó máa yìn ní pápá gbọ́dọ̀ wúwo, kí ó sì gùn, nítorí pé irin wúwo ni í gbé agbára ìbọn mì kí ó má ta ọwọ́ sókè. Ìbọn Browning tí ó jẹ́ irin látòkèdélẹ̀ ju kílò kan lọ, ọta 7 ni ilé ọta rẹ̀ sì ń gbà. Glock 17 ti ilẹ̀ Austria, tí ike líle wà lára rẹ̀, kò tó 750 gíráàmù kí a tó ki í, ó sì ń gba ọta 17. Owó rẹ̀ kò tó ìdámẹ́rin ti àwọn tí a ń wò. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ra ìyẹn. Ó ní òun ti ní ọ̀kan. Ó ní òun fẹ́ èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe fún òun.

Ó wá sọ ìdí tí òun fi fẹ́ máa gbé ìbọn. Ní ọdún 2023, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ká a mọ́ ibi tí ó ti ń ra epo, wọ́n sì gba ọkọ̀ rẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù nígbà náà. Ó ní kì í ṣe ọkọ̀ ni ó dun òun. Ẹ̀yìn ní apá òsì ni wọ́n gbà yọ sí òun, òun kò sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn.

Mo dákẹ́. Òun kò mọ ìdí tí mo fi dákẹ́.

Ó ní, “Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá? Ẹ kò ṣe ní ọ̀kan nílé?” Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tí ó bá ti pé ọdún 21 ní Texas, tí òfin kò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè máa gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé àṣẹ. Ó ti gbàgbé bí tiwa ti rí. Mo rán an létí òru kan ní ọdún 1993, nígbà tí adigunjalè wọ àdúgbò wa. Ọlọ́dẹ tí ẹgbẹ́ àwọn onílé gbà ní ìbọn ṣakabùlà lọ́wọ́. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Kí ó tó bu ẹ̀tù mìíràn, kí ó tó fi ọ̀pá kì í, wọ́n ti lù ú bolẹ̀, wọ́n sì ti wọ ilé mẹ́ta. Tiwa ni ìkejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tọ agbẹjọ́rò kan lọ. Ó ṣí òfin ìbọn ti ọdún 1959 fún mi. Ìbọn ìléwọ́, títí kan èyí tí a ń fi ẹ̀tù kì láti ẹnu, wà lára àwọn ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fi ọwọ́ sí i, ẹni tí wọ́n bá sì ká a mọ́ lọ́wọ́ yóò lọ sẹ́wọ̀n tí kò níí dín ní ọdún 10. Mo ní n kò mọ Ààrẹ. Agbẹjọ́rò ní òun náà kò mọ̀ ọ́n.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí n kò sọ fún un ni pé agbẹjọ́rò náà sọ pé ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu méjì kò rí bẹ́ẹ̀, pé ọlọ́pàá lè fún mi níwèé àṣẹ rẹ̀. Èmi ni n kò padà lọ.

Lẹ́yìn náà ni ó kan ọ̀rọ̀ ariwo. Ìró ìbọn ìléwọ́ máa ń tó dẹ́síbẹ̀lì 160, bẹ́ẹ̀ ni 140 ti tó láti ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀pá ìbọn bá sì ti kúrú sí ni ìró rẹ̀ ń sún mọ́ etí ẹni tí ń yìn ín sí. Ó ní ìdí nìyẹn tí ìǹṣì 5 fi wu òun, nítorí pé etí kan ṣoṣo ni òun ní láti ṣọ́. “Ibà tó ṣe mí lábà ti gba èkejì.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìbọn bàbá wa. Alágbẹ̀dẹ kan ní Ìṣẹ́yìn ni ó rọ ọ́ fún un. Bàbá máa ń sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun lọ kí ó tó di ṣíṣe. Ní àkọ́kọ́, ọkùnrin náà fi okùn wọn apá rẹ̀ láti abíyá dé orí ìka. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó ní kí ó di igi èèkù mú kí òun lè mọ ibi tí òun yóò gbẹ́ dànù. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó so ìbọn náà mọ́ ìdí igi, ó ki í ní ìlọ́po méjì ẹ̀tù, ó sì fi okùn gígùn fà á láti ẹ̀yìn ògiri. Ìgbà tí kò bẹ́ ni ó tó gbé e lé bàbá lọ́wọ́. Ìbọn tí a fi ọwọ́ ṣe fún ènìyàn kan ni. Ilé iṣẹ́ Nelson, tí ó tẹ ìwé D. O. Fágúnwà jáde, ní ọ́fíìsì ní Ìlúpéjú Bypass nígbà kan, bí mo bá sì ti ń gba ibẹ̀ kọjá ni mo máa ń rántí àwọn ọdẹ inú ìwé wọ̀nyẹn. N kò rántí pé mo ka ibi tí ọmọ ọdẹ ti mú ìbọn bàbá rẹ̀ ṣeré.

Ọdún 1962 ni. Ọmọ ọdún 9 ni mí, àbúrò mi jẹ́ ọmọ ọdún 3. Ìyá wa wà nílé, ó ń kiri ọjà rẹ̀. Àwa ọkùnrin wà lábà. Bàbá máa ń fi ìbọn náà kọ́ ara ògiri ahéré ní kíkì, nítorí túùkú tí ń jẹ iṣu wa. Ó lọ kọ ẹyìn. Mo gun orí àpótí, mo sọ ìbọn kalẹ̀, mo gbé e lé èjìká bí mo ti ń rí i kí bàbá ṣe. Mo ní kí àbúrò mi wá dúró tì mí kí ó wo ẹtu tí mo fẹ́ pa. Ẹtu wo? Ìkòkò omi ni mo ń wò. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ìbọn, etí rẹ̀ òsì sí i. N kò mọ̀ pé mo fa ohunkóhun.

Nígbà tí èéfín kúrò, ó jókòó sílẹ̀, ó ya ẹnu, kò sì sunkún. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń ti inú etí rẹ̀ jáde. Bàbá sáré dé. Kò nà mí. Ó wẹ ọmọ náà, ó gbé e pọ̀n bí obìnrin, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè ṣe déédéé tèmi. Ó ní, “Ibà ló ṣe é. Ṣé o gbọ́?” Mo ní mo gbọ́. Kò yìnbọn mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn ará abà rò pé ojú ni ó ń dùn ún. Ó dá irin rẹ̀ padà fún alágbẹ̀dẹ, ó sì tọ́jú igi rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1984. Ìyá wa kú ní ọdún 2003, ó sì gba ibà gbọ́ títí ó fi kú.

Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ti sọ ọ́ yìí. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo dé ibi tí bàbá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dìde, ó gbé àga rẹ̀ yí mi ká, ó sì jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún mi. Etí òsì rẹ̀ ni ó wá kọjú sí mi. Mo ń bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tí ó gbọ́ nínú rẹ̀.

Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i lọ́dọ̀ mi, a jọ ń jẹun, a jọ lọ kí àwọn ẹbí, a kò sì dárúkọ ìbọn mọ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ni ó pè mí. Ó ní òun ti ra àpótí irin kan, òun sì ti kàn án mọ́ ògiri yàrá òun, nítorí pé lábẹ́ òfin Texas, ẹni tí ó bá fi ìbọn kíkì sí ibi tí ọwọ́ ọmọ tí kò tó ọdún 17 lè tó, tí ọwọ́ ọmọ náà sì tẹ̀ ẹ́, ti dáràn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ó ní òun ti san owó ìbọn náà: ti ìǹṣì 5, onírin wúwo, ti pápá. Kò sọ̀rọ̀ gbígbé kiri, n kò sì bi í. Ó wá dákẹ́ díẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, igi ìbọn Bàbá ṣì wà lọ́wọ́ yín? Wọ́n ní àwọn lè fi igi tí oníbàárà bá mú wá ṣe èèkù rẹ̀.”

Mo ní ó wà. Láti ọjọ́ tí a sìnkú bàbá ni ó ti wà lábẹ́ ibùsùn mi ní Ìlúpéjú, nínú àpò ìrẹsì. Mo ti gbé e jáde báyìí, mo ti nù ún. Ibi tí alágbẹ̀dẹ gbẹ́ fún ọwọ́ bàbá ṣì hàn gbangba. Lánàá ó tún pè láti béèrè bóyá mo ti fi ránṣẹ́. Mo ní n kò tíì rí ẹni tí yóò bá mi gbé e.