Ọ̀nà Lamingo: Bí A Ṣe Dúró Ti Màmá Wa ní Jọ́ọ̀sì

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí a kọ ìrìn àjò kan sínú ìwé ìròyìn yìí, ó sì rò pé òkè Shere ni a ó kọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá, ọ̀nà kan ni ẹsẹ̀ wa mọ̀ jù ní ìlú yìí, èyíinì ni ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Lamingo. Òun ni a ó sọ fún yín. A kò gbàdúrà pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa tọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó dára kí a mọ ibi tí kòtò wà lójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá kúrò ní Terminus, nítòsí ibùdó rélùwéè níbi tí àwa ti ń ṣiṣẹ́, tí ẹ gba Angwan Rukuba, ìlú yóò máa tán lẹ́yìn yín díẹ̀díẹ̀, àpáta yóò sì máa pọ̀ síwájú. Ẹ ó rí oko ànàmọ́ òyìnbó àti ti tòmátì. Jọ́ọ̀sì ga ju ìwọ̀n mítà 1,200 lọ sókè òkun, nítorí náà atẹ́gùn ibẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ ó ń gé etí ènìyàn bí abẹ. Ẹni tí yóò sun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù níbẹ̀, kí ó mú ẹní, kí ó mú búláńkẹ́ẹ̀tì méjì.

Gbogbo wa mọ̀ pé kùsà ló kó àwọn bàbá wa dé ìhín. Ní 1914 ni rélùwéè kékeré tó ti Sáríà wá dé Bùkúrù. Ní 1927 ni ti ńlá gba Kafanchan dé Jọ́ọ̀sì. Bàbá bàbá wa bá ọkọ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń ta aṣọ fún àwọn tó ń wa kùsà. Màmá wa ní tirẹ̀ bá ọkọ wá, ó sì ń ta abọ́ àti ìkòkò ní ọjà ńlá títí iná fi jó ọjà náà ní 2002. Lọ́jọ́ kejì iná, ó gbé tábìlì kékeré kan sí ẹ̀bá títì, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí síbí àti ife.

Obìnrin tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà ló lè fi àìsàn pamọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ń fi àbóníkì ra ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rí ọ̀já tí Màmá dì mọ́ àyà. Nígbà tí ó tú u, kókó kan wà nínú ọmú ọ̀tún, ó le bí ẹyìn, awọ orí rẹ̀ sì ti sún kì. Oṣù méje ni ó ti wà níbẹ̀. Màmá ní kò dun òun, àti pé owó ìdánwò ọmọ ló wà nílẹ̀ nígbà náà. A kì yóò fi ẹ̀bi tiwa bò: a ti rí i pé kò fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ẹrù mọ́, a kàn ní àgbà ló dé.

Ní Lamingo wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àbọ̀ rẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ ọmú ni, ó ti dé abẹ́ apá, kò tíì dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ̀yin ará, ìgbà náà ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ilé ń fi tẹlifóònù pè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí a gbé e wá kíákíá, pé ilé ni àbọ̀ ìsimi oko, pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ ní òkè òtútù yìí, kí ni a ó wí? Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tó wà ní Èkó ní kí a má ṣe dárúkọ àrùn náà létí rẹ̀. Alẹ́ mẹ́ta ni a fi jókòó ní pálọ̀, tí a ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ní alẹ́ kẹta, Màmá ti inú yàrá jáde, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má sọ mí di ẹrù rélùwéè tí ẹ ń jà lórí ibi tí yóò sọ̀ sí. Mo ti mọ orúkọ àrùn náà kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Ibi tí oògùn rẹ̀ bá wà ni kí ẹ gbé mi lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní sá lọ.” Ọ̀rọ̀ tán.

Àwa tí a jẹ́ akọ̀wé, a mú pépà, a ya ìlà bí ìwé àkókò ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀gbọ́n ní Èkó: owó ní ìparí oṣù. Ẹ̀gbọ́n obìnrin: oúnjẹ. Ìyàwó wa: ìwẹ̀ àti aṣọ. Àbúrò: oògùn àti rìsíìtì. Àwa: òru. Bí ẹnìkan bá yẹ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀, ó ní láti fi ẹlòmíràn rọ́pò ara rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n fi omi dírípù fa oògùn pupa kan sí i lára, ọjọ́ 21 láàrin ọ̀kan àti èkejì. Wọn kì í fún un láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, a ó padà sílé. Ní òru àkọ́kọ́, ìyàwó wa kígbe pé ẹ̀jẹ̀ ni Màmá ń tọ̀. Gbogbo ilé ti ń sunkún kí ẹ̀gbọ́n wa tó rántí pé nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: àwọ̀ oògùn náà ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn èyí, irun rẹ̀ já, ẹnu rẹ̀ bó, kò fẹ́ gbóòórùn epo. Ògì tútù àti àṣáró àchà ni ó ń gbà. Nígbà iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tiwa kò tó fífúnni. Ọmọ Bìrọ́m kan tí a jọ wà ní ọ́fíìsì ló nà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò jẹ́ kí a dúpẹ́ tán.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó ku ẹ̀rọ tí ń fi ìtànṣán pa ìyókù jẹjẹrẹ. Ní ìlú tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, tí a kì yóò dárúkọ, ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi ń gbọ́ “ẹ padà wá lọ́la,” owó ilé àlejò sì ń lọ. Níkẹyìn a forí lé ilé ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello ní Shika, lẹ́bàá Sáríà. A gba Saminaka kọjá, a sì ń rántí rélùwéè kékeré tó ń kó kùsà láàrin Jọ́ọ̀sì àti Sáríà, tí wọ́n pa ní 1957. A gba yàrá kan. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń wọ inú ẹ̀rọ náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò dùn ún, ṣùgbọ́n awọ àyà rẹ̀ dúdú bí ẹni tí iná rà.

Nígbà tí a ń bọ̀, ọkọ̀ dúró ní Saminaka. Màmá sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi èdè Haúsá ná àgbàdo, ó yípadà bí ẹni tí kò rà mọ́, olùtà pè é padà. Ó ti tó ọdún kan tí a ti gbọ́ ohùn yẹn gbẹ̀yìn. Àbúrò wa dojú kọ fèrèsé ọkọ̀ kí a má baà rí ojú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ó ń lo oògùn oníhóró lójoojúmọ́, ọdún 5 ni yóò lò ó, a sì ń gbé e lọ sí Lamingo ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. A kò sọ pé ogun ti tán. Ṣùgbọ́n a bẹ ẹ̀yin ìyá wa: kókó tí kò dunni kì í ṣe ohun tí à ń fi ọ̀já dì. Ẹ fi han dókítà. Bí ara ẹni tó ń gba irú oògùn yìí bá gbóná, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fún owó tí ẹ dá, àti lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìyá fún oúnjẹ ọjọ́ Àìkú. Àbá wa kan ni pé kí akọ̀wé kọ irú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù wa sínú ìwé ẹgbẹ́, kí a má tún máa wá ẹlẹ́jẹ̀ kiri lóru.

Ìròyìn ẹbí: ìyàwó àbúrò wa bí ọmọkùnrin. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ìsọmọlórúkọ, gbogbo yín ni a pè. Dókítà ní kí Màmá má fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ẹrù. Ó ní ọmọ kì í ṣe ẹrù.